Bí A Ṣe Ń Gbá Géèmù Windows Lórí Linux: Ìtọ́sọ́nà Fún Oníláptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀ Ní Àkúrẹ́

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10. Windows 11 tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ kì í gba gbogbo ẹ̀rọ wọlé: ó fẹ́ TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kékeré inú ẹ̀rọ), ó sì fẹ́ Intel ìran kẹjọ sókè, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tó yọ sílẹ̀. Ẹ wá rìn gba Ọba Adésidà tàbí ẹnubodè FUTA kọjá, kí ẹ wo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù: HP EliteBook 840 G3, Dell Latitude E7470, ThinkPad T460. Ìran kẹfà ni gbogbo wọn. Ara wọn ṣì le, kíbọ́ọ̀dù wọn ṣì dára, ṣùgbọ́n Windows 11 kò gbà wọ́n. Ti Windows 7 àti 8 tilẹ̀ ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, fúnra rẹ̀ ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2024.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ní irú ẹ̀rọ yìí ló gbà pé géèmù ti parí fún àwọn nìyẹn. Kò parí rárá. Ẹ̀rọ yẹn lè gbá géèmù tí wọ́n kọ fún Windows lórí Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, láìsí Windows kankan nínú rẹ̀, bí ẹ bá ti mọ ohun tí káàdì àwòrán rẹ̀ lè ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á fi gbogbo nǹkan sórí ẹ̀rọ tán, géèmù á kọ̀ láti ṣí, wọ́n á sì di ẹ̀bi ru Linux.

Iṣẹ́ tí Wine ń ṣe

Géèmù Windows kì í dá bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Windows ló máa ń bẹ̀: bá mi ṣí fáìlì yìí, bá mi ya mọ́tò yìí, bá mi gbé ohùn yìí jáde. Lórí Linux, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè yẹn. Wine ló wá dúró láàárín wọn, bí ògbufọ̀ ṣe máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù tó ti òkè òkun wá: ó ń gbọ́ èyí tí géèmù sọ, ó ń sọ ọ́ ní èdè tí Linux gbọ́, ó sì ń dá èsì padà. Ọdún 1993 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, Alexandre Julliard ló sì ti ń darí rẹ̀ láti ọdún 1994. Ìṣirò inú géèmù, prósẹ́sọ̀ yín ló ń ṣe é tààrà, ìdí sì nìyẹn tí eré kì í fi í falẹ̀ bí a ṣe lè rò.

Àwòrán ló le jù. Direct3D ni géèmù Windows sábà máa fi ń yàwòrán, Linux kò sì ní in. DXVK ni ètò tó ń yí Direct3D 8 sí 11 padà sí Vulkan, èdè ìyàwòrán tí káàdì àwòrán gbọ́ lórí Linux. VKD3D-Proton ló ń ṣe ti Direct3D 12. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, Valve tó ni Steam kó Wine, DXVK àti àwọn nǹkan mìíràn pọ̀ sójú kan, ó sì pè é ní Proton. Wine àti Proton yìí ni a ó máa lò.

Ẹ mọ káàdì àwòrán yín

Bí Windows bá ṣì wà lórí ẹ̀rọ náà, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ `dxdiag`, ẹ tẹ Enter. Ẹ ó rí orúkọ prósẹ́sọ̀ lójú ewé àkọ́kọ́, ẹ ó sì rí káàdì àwòrán lábẹ́ "Display". Bí ẹ bá rí i5-6300U, 6 tó ṣáájú nínú nọ́ńbà yẹn ló ń sọ pé ìran kẹfà ni. i5-4300U jẹ́ ìran kẹrin. Ti EliteBook 840 tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: G1 jẹ́ ìran kẹrin, G2 ìkarùn-ún, G3 ìkẹfà, G4 ìkeje, G5 ìkẹjọ.

Vulkan ló fà á tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. DXVK láti ẹ̀dà 2.0 lọ kò ní ṣiṣẹ́ bí kò bá rí Vulkan 1.3. Intel HD 520 inú ìran kẹfà ní in lórí Linux. HD 4400 inú ìran kẹrin kò ní in. Ẹni tó ní G1 ṣì lè gbá géèmù, àmọ́ ọ̀nà OpenGL, èdè ìyàwòrán tó ti wà ṣáájú Vulkan, ni yóò gbà, géèmù àtijọ́ ló sì máa bá a lára mu. Bí ẹ kò bá tíì rà, lójú tèmi, ẹ fi G1 sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, kí ẹ ṣe sùúrù títí owó yín á fi ká G3.

Ẹ fi Linux Mint sórí ẹ̀rọ

Ẹ̀yà Linux pọ̀. Linux Mint 22, ẹ̀ka Xfce, ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ó fúyẹ́, ojú rẹ̀ sì jọ ti Windows tí ẹ mọ̀. Títí di ọdún 2029 ni wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ fà á wálẹ̀ láti linuxmint.com, ó sún mọ́ 3GB, nítorí náà dátà òru ló yẹ ẹ́. Ẹ fi Rufus tàbí balenaEtcher kọ ọ́ sórí fláàṣì 8GB. Gbogbo ohun tó wà nínú fláàṣì yẹn ló máa parẹ́, kí ẹ mọ̀.

Ẹ kó ìwé iléèwé, fọ́tò àti gbogbo ohun tó bá ṣe pàtàkì kúrò lórí láptọ́ọ̀pù náà. Bí BitLocker, ètò tó ń ti háàdì pa, bá ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, ẹ pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bátìrì. Bátìrì tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọkàn tẹ̀, bí iná bá sì lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ ètò tuntun sórí háàdì, ẹ lè pàdánù gbogbo nǹkan. Bí tiyín kì í bá gbé e fún wákàtí kan, ẹ dúró dìgbà tí gẹn tàbí sólà bá wà nítòsí.

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F9 léraléra bó bá jẹ́ HP, tàbí F12 bó bá jẹ́ Dell tàbí ThinkPad. Ẹ yan fláàṣì. Mint á ṣí láti orí fláàṣì náà láì fọwọ́ kan háàdì yín, àǹfààní ńlá sì nìyẹn: ẹ fi Wi-Fi sí i, ẹ gbọ́ ohùn, ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ wá tẹ "Install Linux Mint". Ẹni tó ṣì nílò Windows fún iṣẹ́ lè yan "Install alongside" kí méjèèjì jọ wà níbẹ̀. Àmọ́ bí SSD yín kò bá tó 256GB, ààyè á há mọ́ géèmù.

Nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ kọ àwọn àṣẹ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
sudo apt update
sudo apt upgrade
sudo dpkg --add-architecture i386
sudo apt update
sudo apt install mesa-vulkan-drivers mesa-vulkan-drivers:i386 libgl1-mesa-dri:i386 vulkan-tools
vulkaninfo --summary
```

Pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ń tẹ̀ kò ní hàn lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. i386 yẹn ni kí ẹ má fò: ọ̀pọ̀ géèmù àtijọ́ jẹ́ ti 32-bit, bí dráífà 32-bit (ètò tó ń jẹ́ kí Linux lo káàdì àwòrán) kò bá sì sí, wọn kò ní ṣí, kódà bí káàdì yín bá lágbára.

Nínú èsì àṣẹ ìkẹyìn, ẹ wá `apiVersion` àti `deviceName`. Bí apiVersion bá jẹ́ 1.3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ káàdì yín, ọ̀nà là. Bí ó bá jẹ́ pé llvmpipe nìkan ló yọ, prósẹ́sọ̀ ló ń fipá yàwòrán fúnra rẹ̀, géèmù kankan kò sì ní dùn lórí rẹ̀. Dráífà ni kí ẹ tún wò. Ẹni tó ní káàdì NVIDIA, inú Driver Manager ló ti máa mú tirẹ̀.

Kí ẹ tó rówó ra géèmù

Ẹ lọ sí protondb.com, kí ẹ kọ orúkọ géèmù náà síbẹ̀. Àwọn tó ti gbá a lórí Linux ló ń sọ bó ṣe rí fún wọn, láti Platinum tó dára jù dé Borked tí kò ṣí rárá. Kí ẹ má wo àmì nìkan. Ẹ ka ohun tí àwọn tó ní káàdì bíi tiyín kọ, torí pé géèmù tó dùn lórí káàdì ńlá lè máa wọ́ lórí HD 520.

Àwọn kan wà tí kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí wọn. Valorant, Fortnite àti EA Sports FC ní ètò tó ń ṣọ́ àwọn tó ń yànjẹ, àwọn ètò náà kò sì gba Linux. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Easy Anti-Cheat àti BattlEye kéde pé àwọn lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Proton, ṣùgbọ́n ọwọ́ oníléeṣẹ́ géèmù kọ̀ọ̀kan ló wà láti gbà á láàyè, àwọn míì kò sì gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní fáìlì tó ní òun máa fi tan àwọn aṣọ́nà yìí jẹ, ẹ má gbà á. Wọ́n lè ti àkáǹtì yín pa, kó má sì ṣí mọ́.

Owó yín náà ní ààbò. Steam á dá owó padà bí ẹ bá béèrè láàárín ọjọ́ 14, tí ẹ kò sì tíì gbá a ju wákàtí 2 lọ. Ọjọ́ 30 ni GOG, ṣọ́ọ̀bù géèmù mìíràn, ń fúnni. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá rà á gan-an ni kí ẹ dán an wò.

Géèmù orí Steam

Iṣẹ́ kò pọ̀ níbí. Ẹ ṣí Software Manager, ẹ wá Steam, ẹ yan èyí tí wọn kò kọ Flatpak sí lára, ẹ fi sórí ẹ̀rọ, kí ẹ wọlé. Lábẹ́ Settings, ní Compatibility, ẹ rí i dájú pé Steam Play wà ní títàn fún gbogbo géèmù. Ó ṣeé ṣe kó ti wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ Install lára géèmù Windows bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Steam á fa Proton wálẹ̀ mọ́ ọn.

Bí ẹ̀dà Proton tí Steam yàn bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ géèmù náà, ẹ lọ sí Properties, sí Compatibility, kí ẹ yan ẹ̀dà mìíràn. Èmi máa ń kọ́kọ́ dán Proton Experimental wò. Oníìran kẹrin, ẹ lọ sí Launch Options nínú Properties kan náà, kí ẹ kọ:

```
PROTON_USE_WINED3D=1 %command%
```

Ìyẹn á fi OpenGL dípò DXVK.

Dátà ni ìnira wa níhìn-ín, nítorí náà mo fẹ́ kí ẹ mọ nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, lábẹ́ Downloads nínú Settings, ẹ lè pa Shader Pre-caching. Géèmù lè máa dúró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ ní àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó dín dátà tó ń fà wálẹ̀ kù. Èkejì ló dùn mọ́ mi jù: láti ọdún 2023 ni Steam ti lè gba géèmù lára kọ̀ǹpútà mìíràn tó wà lórí Wi-Fi kan náà. Bí ọ̀rẹ́ yín ní Ọ̀bà-Ilé bá ti ní géèmù náà lórí Windows tirẹ̀, tí ẹ̀yin náà sì ti rà á, ẹ lọ bá a nílé, kí ẹ̀yin méjèèjì tan "Game File Transfer over Local Network" ní abẹ́ Downloads. Ara ẹ̀rọ rẹ̀ ni géèmù náà á ti wá. Ohun tí ẹ bá fi dátà rà kò ní ju ìwọ̀nba lọ.

Ìkìlọ̀ kan: bí Windows bá ṣì wà lórí ẹ̀rọ yín, kí ẹ má ṣe ní kí Steam orí Linux máa lo fódà géèmù tó wà ní ìhà Windows. Proton máa ń dá fáìlì tó ní àmì kólọ́ọ̀nù nínú orúkọ, Windows kò sì gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Géèmù á kàn máa pa ara rẹ̀ dé láìsọ ìdí.

Géèmù àtijọ́ pẹ̀lú Wine: FlatOut 2

Fún géèmù àtijọ́, ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù. GOG máa ń ta géèmù láìsí títì kankan lára rẹ̀: ẹ fa fáìlì náà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi pamọ́ sórí háàdì, kí ẹ sì fi sórí ẹ̀rọ nígbàkígbà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. FlatOut 2 ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ, eré ìje mọ́tò tí Bugbear ti ilẹ̀ Finland ṣe ní ọdún 2006. Direct3D 9 ló ń lò, 32-bit ni, kò sì fẹ́ agbára púpọ̀, nítorí náà G1 pàápàá lè gbìyànjú rẹ̀.

```
sudo apt install wine wine64 wine32:i386 winetricks
mkdir -p ~/geemu
export WINEPREFIX=~/geemu/flatout2
export WINEARCH=win32
wine wineboot
```

Bí ó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun fa Wine Mono wálẹ̀, ẹ gbà fún un. WINEPREFIX ni fódà tí Wine á kọ́ Windows kékeré kan sí fún géèmù yìí nìkan. Ẹ wo inú rẹ̀, ẹ ó rí `drive_c`. Mo bẹ̀ yín, kí géèmù kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn sójú kan á ṣe àtúnṣe fún ọ̀kan, á bá òmíràn jẹ́, kò sì ní mọ èyí tó fà á. `export` wọ̀nyẹn kì í kọjá ojú Terminal tí ẹ ṣí. Bí ẹ bá pa á, ẹ tún wọn kọ nígbà mìíràn.

```
winetricks d3dx9
winetricks dxvk
cd ~/Downloads
wine setup_flatout*.exe
```

Winetricks ló ń bá wa fi fáìlì tí géèmù nílò sínú fódà Wine. d3dx9 ni àkójọ fáìlì Microsoft tí ọ̀pọ̀ géèmù ayé ìgbà náà ń wá. Ìlà dxvk wà fún ẹni tí vulkaninfo rẹ̀ sọ 1.3, ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kó fò ó, Wine á gba OpenGL. Ẹ jẹ́ kí ó fi géèmù náà síbi tí òun fúnra rẹ̀ yàn, kí ẹ sì kọ ibẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà:

```
cd ~/geemu/flatout2/drive_c/"GOG Games"
ls
cd "FlatOut 2"
wine FlatOut2.exe
```

`ls` á fi orúkọ fódà hàn yín bó ṣe rí gan-an. Linux kì í fojú kan náà wo lẹ́tà ńlá àti kékeré, nítorí náà bí ẹ ṣe rí i ni kí ẹ kọ ọ́.

Bí géèmù bá ń da ojú kọ̀ǹpútà rú, tàbí tí kò jẹ́ kí ẹ padà síbi tí ẹ ti wá, ẹ kọ `wine winecfg`, ẹ lọ sí Graphics, ẹ mú "Emulate a virtual desktop", kí ẹ sì fún un ní 1280 lọ́nà 720. Ojú fèrèsé tirẹ̀ ni yóò máa wà.

Kí ẹ má bàa máa kọ gbogbo èyí ní ojoojúmọ́, ẹ ṣí fáìlì tuntun nínú fódà ilé yín, ẹ pè é ní `flatout.sh`, kí ẹ kọ èyí sínú rẹ̀:

```
#!/bin/bash
export WINEPREFIX=~/geemu/flatout2
cd ~/geemu/flatout2/drive_c/"GOG Games/FlatOut 2"
wine FlatOut2.exe
```

Ẹ fi `chmod +x ~/flatout.sh` fún un láṣẹ. Láti ìgbà náà lọ, `~/flatout.sh` nìkan ni ẹ ó máa kọ.

Bí géèmù bá kọ̀ láti ṣí

Ẹ má tíì yí nǹkan kan padà. Ẹ jẹ́ kí Wine sọ ohun tó ń ṣe é:

```
wine FlatOut2.exe 2> ~/asise.txt
```

Ẹ ṣí `asise.txt`. Ìlà tó ní `fixme` nínú á pọ̀ gan-an. Kí ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín, ọ̀pọ̀ wọn kò ṣe nǹkan kan. `err:` ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá rí `import_dll` àti orúkọ fáìlì tí wọ́n ní kò sí, ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ yín: d3dx9_43.dll túmọ̀ sí pé d3dx9 kò tíì wọlé, MSVCP140.dll túmọ̀ sí `winetricks vcrun2019`. Bí ìlà náà bá dárúkọ Vulkan, káàdì tàbí dráífà ni, ẹ padà sí vulkaninfo. Fún géèmù orí Steam, ẹ kọ `PROTON_LOG=1 %command%` sí Launch Options; fáìlì kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `steam-` á yọ nínú fódà ilé yín.

Àwọn kan máa ń kó gbogbo ohun tó wà nínú winetricks sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní ọ̀kan á bọ́ sí i. Èmi kò fara mọ́ ọn. Fáìlì kan lè da òmíràn rú, ẹ kò sì ní mọ ibi tí ẹ dé. Ẹ ṣe àtúnṣe kan, ẹ dán an wò, kí ẹ tó ṣe òmíràn. Bí gbogbo rẹ̀ bá dàrú, ẹ pa fódà `flatout2` rẹ́, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn lórí ẹ̀rọ tó máa bá a lọ.

Kí ó lè yá

Ẹ fi `DXVK_HUD=fps` síwájú àṣẹ yín láti rí iye àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kò bá tó 30, ẹ kọ́kọ́ dín ìwọ̀n àwòrán kù sí 1280 lọ́nà 720, kí ẹ pa òjìji nínú géèmù.

Àtúnṣe tó ń ṣiṣẹ́ jù lórí irú ẹ̀rọ yìí wà nínú RAM. Intel tí kò ní káàdì ọ̀tọ̀, inú RAM kọ̀ǹpútà ló ti ń yàwòrán. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ń dé pẹ̀lú RAM ẹyọ kan nínú ihò méjì. Bí ẹ bá fi ìkejì tó bá a dọ́gba kún un, ọ̀nà méjì ni káàdì àwòrán á máa gbà kó ẹrù dípò ọ̀kan, ẹ ó sì rí ìyàtọ̀ náà lójú. DDR4 ni 840 G3 ń lò, DDR3L ni ti G1. Kí ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń tà á, nítorí ọ̀kan kò wọ ihò èkejì.

Ooru ni ọ̀tá kejì. Eruku ọyẹ́ máa ń dí fáànù inú láptọ́ọ̀pù, prósẹ́sọ̀ á gbóná, á sì dín ìyára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Bí géèmù bá yá fún ìgbà díẹ̀ tó wá ń falẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, kó nu fáànù, kó sì fi ìpara tuntun sí orí prósẹ́sọ̀. Kí ẹ má gbá géèmù lórí bẹ́ẹ̀dì.

Iná àti ibi tí ẹ dé nínú eré

Fún géèmù tí ẹ fi Wine ṣí, ibi tí ẹ dé lè wà nínú fódà géèmù náà, tàbí nínú Documents yín, torí Wine sábà máa ń so Documents inú `drive_c` mọ́ ti Linux. Ti Steam wà nínú `steamapps/compatdata`, nínú fódà tó ń jẹ́ nọ́ńbà géèmù náà. Ẹ máa dà á kọ sórí fláàṣì, pàápàá kí ẹ tó pa fódà kankan rẹ́.

Bí iná bá lọ nígbà tí `apt` ń ṣiṣẹ́, tí ó sì wá ń kọ̀ láti fi nǹkan mìíràn sórí ẹ̀rọ, ẹ kọ `sudo dpkg --configure -a`, lẹ́yìn náà `sudo apt -f install`. Bí ó bá jẹ́ pé Steam ló ń fa géèmù wálẹ̀ lọ́wọ́, yóò máa bá a lọ láti ibi tó dúró sí. Bí géèmù náà bá sì ń kọ̀ láti ṣí lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Properties, Installed Files, ẹ tẹ "Verify integrity of game files". Fáìlì tó bàjẹ́ nìkan ló máa tún fà, kò ní fa gbogbo géèmù náà.